Ìwé Ẹ̀rí Ọgbọ́n: Bí Òfin Amẹ́ríkà Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Olùṣèwádìí, àti Ohun Tí Ó Kan Èkìtì Nínú Rẹ̀

1. Ìfáàrà

 

Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò tíì gbọ́ ọ rí pé kò sí agboolé kan ní ilẹ̀ wa tí a kò ti lè rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni lápá kan; ọ̀rọ̀ ìyangàn sì ni lápá kejì. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí a bá wọ inú irú agboolé bẹ́ẹ̀ ní Adó, ní Ìyìn, ní Ìfàkì tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, tí a sì bèèrè ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí àwòrán kan lára ògiri, kí ó sì dáhùn pé, "Amẹ́ríkà ni ó wà." Ohùn ìyá náà kún fún ayọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ayọ̀ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í ṣe láti dá ẹni tí ó lọ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe láti rọ ẹni tí ó wà nílé pé kí ó dìde kí ó máa lọ. Ọ̀nà kan wà tí òfin Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún àwọn olùṣèwádìí tí iṣẹ́ wọn bá yọrí, kí wọn lè gba àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a kọ́ ní Adó ni ó ń gba ọ̀nà yìí, tàbí tí ó ń gbìyànjú láti gbà á. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ni àwa tí a kọ́ wọn mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí a sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ìgboro kò ju àhesọ lọ. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn. Èkíní: kí ni òfin náà sọ? Èkejì: irú ẹ̀rí wo ni ó fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí? Ẹ̀kẹta: kí ni ìwọ̀n àjèjì yìí fi hàn wá nípa iṣẹ́ tí àwa ń ṣe nílé?

2. Ìrìn-àjò Àwọn Ọ̀mọ̀wé Wa

Kí ọ̀mọ̀wé ti ilé lọ sí òkè òkun kì í ṣe ohun tuntun ní Èkìtì. Láti ìgbà tí a ti dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní ọdún 1933 ni a ti ń rán ọmọ jáde kúrò ní orí òkè Àgídímọ̀. Ohun tí ó yí padà ni ọ̀nà àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ènìyàn méjì. Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì tí a bí ní ọdún 1923, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Durham ní ọdún 1955. J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, gba tirẹ̀ nínú ìmọ̀ ìtàn ní London ní ọdún 1958. Àwọn méjèèjì padà wá sí Ìbàdàn, wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn tí ó kọ́ wa. Kì í ṣe ìfẹ́ ilé nìkan ni ó mú wọn padà. Iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ń wá olùkọ́. Nígbà tí ó sì di ọdún 1962, Yunifásítì Ifẹ̀ náà ti ṣí ilẹ̀kùn. Owó oṣù olùkọ́ yunifásítì nígbà náà tó láti fi tọ́ ọmọ àti láti fi ra ìwé.

Ní ọdún 1982, láyé ìjọba Gómìnà Adékúnlé Ajásin, a dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì níhìn-ín. Orúkọ rẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a ń pè é lónìí. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọdún márùn-ún tí a dá a sílẹ̀ tí ètò àtúnṣe ọrọ̀-ajé ti ọdún 1986 fi dé. Iye náírà já wálẹ̀. Owó oṣù tí ó ti ń ra ìwé tẹ́lẹ̀ kò ra kẹ́míkà mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà àbọ̀ ti ń ṣú.

A kò lè sọ pé a kò kọ́ ilé sí i. Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá dé ní ọdún 2009, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ sì dé ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ìwádìí sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé nìkan. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ lè jókòó sílé kí ó máa kàwé. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí tí onísáyẹ́ǹsì ń sìn nínú fìríìjì kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìyanṣẹ́lódì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí ń jẹ́ àìsí iná mànàmáná. Kíkú ni ó ń kú. Ẹni tí ó bá sọ pé owó nìkan ni ó ń lé àwọn ọmọ wa lọ kò tíì rí ojú ẹni tí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta rẹ̀ bàjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

3. Ohun Tí Òfin Wí

Òfin tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ apá kan nínú òfin ìwọlé sí Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1952. Ọdún 1990 ni wọ́n tún un ṣe dé ibi tí ó dé lónìí, nígbà tí Ààrẹ George H. W. Bush fi ọwọ́ sí àtúnṣe náà ní oṣù Kọkànlá. Àtúnṣe yẹn ya ìwé àṣẹ ìgbélùú tí ó tó 140,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí ó ń bọ̀ nítorí iṣẹ́, ó sì pín wọn sí ìpele márùn-ún. Ìpele kìíní àti ìpele kejì ni ó kan àwọn olùṣèwádìí jù lọ. Nǹkan bí 40,000 ni ó kan ìpele kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì. Kí a má ṣe gbàgbé pé ọkọ tàbí aya àti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 wà nínú iye yìí pẹ̀lú.

Òfin náà tún fi ààlà kan sí i: kò gbọdọ̀ ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí àwọn ará orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo yóò gbà lọ́dún. Ìdí nìyí tí ìlà àwọn ará Íńdíà àti ti Ṣáínà fi gùn ju ìlà tiwa lọ. Wọ́n pọ̀, ojú ọ̀nà wọn sì há.

Ìwé tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ni ọ́fíìsì ìwọlé wọn ń pè ní Form I-140. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ìwé ìbéèrè ni èmi yóò máa pè é. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé kí ìjọba gbà pé ẹni yìí wà ní ìpele tí òfin là sílẹ̀. Kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìlóye púpọ̀ ni ó ti ara èyí wá, a ó sì padà sí i níwájú.

4. Ọ̀nà Mẹ́ta

Ọ̀nà mẹ́ta ni olùṣèwádìí lè gbà nínú ìpele méjì yìí.

Ọ̀nà kìíní ni ti ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ tayọ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ti dé góńgó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti gba ẹ̀bùn ńlá kan tí gbogbo ayé mọ̀, irú bí ẹ̀bùn Nobel, ìyẹn nìkan tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfin to ohun mẹ́wàá sílẹ̀, ó sì ní kí ó mú ẹ̀rí wá fún mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn tí ó kan onísáyẹ́ǹsì jù nínú wọn ni ẹ̀bùn tí ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ tí a kì í gbà ènìyàn sí àfi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ta yọ, ohun tí àwọn mìíràn kọ nípa ẹni náà, yíyẹ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wò, àwárí tirẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì, àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ nínú jọ́nà, ipò pàtàkì nínú ilé-iṣẹ́ tí ó lórúkọ, àti owó oṣù tí ó ga. Àwọn méjì tí ó kù jẹ́ ti oníṣẹ́ ọnà àti ti òṣèré. Ní ọ̀nà yìí, ẹni náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìbéèrè. Kò nílò agbanisíṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí olùṣèwádìí tí a mọ̀ káàkiri ayé. Ohun mẹ́fà ni a tò síbẹ̀, méjì ni a sì ń bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ kíkọ́ni tàbí ìwádìí. Yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ó fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀ ni yóò sì kọ ìwé náà. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń bèèrè níhìn-ín, òṣìṣẹ́ kọ́.

Ọ̀nà kẹta wà ní ìpele kejì. Ìpele yìí jẹ́ ti àwọn tí ó ní oyè gíga, irú bí oyè másítà tàbí ti ọ̀mọ̀wé, tàbí tí wọ́n ní ẹ̀bùn tí ó ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Bí ó ṣe yẹ, agbanisíṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti wá ará Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ náà, òun kò sì rí. Ṣùgbọ́n òfin fi àyè sílẹ̀ pé ìjọba lè yọ̀ǹda àmúlò ìlànà yìí bí ó bá jẹ́ fún àǹfààní orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀nà ìyọ̀ǹda yìí ni àwọn ọmọ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ń gbà jù, nítorí pé kò béèrè kí ènìyàn ti dé góńgó, ó sì fún ẹni náà láyè láti bèèrè fún ara rẹ̀.

5. Ẹjọ́ Méjì Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀

Òfin kì í sọ ara rẹ̀. Ẹnu adájọ́ ni a ti ń gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ méjì ni ó là wá lójú jù.

Èkíní ni ti Kazarian, tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dá ní ọdún 2010. Onímọ̀ físíìsì ni Kazarian. Yerevan ní ilẹ̀ Àméníà ni ó ti gba oyè rẹ̀. Ọ́fíìsì ìwọlé ti sọ pé àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò ká, nítorí pé kò fi hàn pé àwọn onímọ̀ mìíràn kà wọ́n sí. Ilé-ẹjọ́ ní òfin kò wí bẹ́ẹ̀: bí òfin bá ti ní kí a mú àpilẹ̀kọ wá, tí ènìyàn sì mú un wá, ó ti ṣe tirẹ̀ ní ìpele kíkà. Bí àwọn ènìyàn ṣe gba iṣẹ́ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpele kejì, nígbà tí a bá ń wo gbogbo ẹ̀rí pọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ́fíìsì ti ń gba ìgbésẹ̀ méjì yìí: wọn a kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà nílẹ̀, wọn a sì wá wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n Kazarian fúnra rẹ̀ kò jàre. Ohun méjì péré ni ilé-ẹjọ́ rí i pé ó ní, mẹ́ta sì ni òfin ń bèèrè. Ó la ọ̀nà fún ẹlòmíràn, òun kò sì rí i gbà.

Ẹjọ́ kejì ni ti Dhanasar, tí ọ́fíìsì ìgbẹ́jọ́ wọn dá ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ṣáájú rẹ̀, ìdájọ́ kan ti ọdún 1998 ni wọ́n ń tẹ̀lé, ó sì le. Dhanasar jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń ṣe ìwádìí lórí ohun tí ń sáré ju ìró lọ. Ìdájọ́ náà fi ìbéèrè mẹ́ta lélẹ̀. Ǹjẹ́ iṣẹ́ tí ẹni yìí fẹ́ ṣe ní ìwúlò tòótọ́, ṣé ó sì ṣe pàtàkì fún orílẹ̀-èdè? Ǹjẹ́ ẹni náà wà ní ipò tí ó fi lè ṣe é? Bí a bá wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, ǹjẹ́ yóò ṣe Amẹ́ríkà láǹfààní kí a má ṣe bèèrè agbanisíṣẹ́? Wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì jàre.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìdájọ́ náà tí àwa ará Èkìtì kò gbọdọ̀ fò. Dhanasar sọ pé òun yóò ṣe ìwádìí, òun yóò sì tún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sáyẹ́ǹsì. Wọ́n gba ìwádìí rẹ̀. Ní ti ẹ̀kọ́ kíkọ́ni, wọ́n ní iṣẹ́ tí ó níyelórí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ yóò kọjá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jókòó níwájú rẹ̀. Nítorí náà, kò tó ohun tí a lè pè ní pàtàkì fún orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ tiwa rèé, tí ó jẹ́ pé olùkọ́ ni ó fi orúkọ tí a ní fún wa. Àwọn tí ó gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní ìṣirò, kò kọ àpilẹ̀kọ kankan. Ní orí ìwọ̀n yẹn, wọn kò wúwo.

6. Kí Ni Ẹ̀rí?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Adó, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí aflatoxin, ìyẹn májèlé tí ó máa ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tí ó bá bu, tí ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Báwo ni yóò ṣe gbé ìwé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀?

Yóò kọ́kọ́ to àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi iye ìgbà tí àwọn mìíràn tọ́ka sí wọn hàn. Òfin kò dá iye ìtọ́kasí kan pàtó. Ohun tí ó mú ọgbọ́n wá ni pé kí ó fi tirẹ̀ wé ti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà, nítorí pé 50 ìtọ́kasí nínú ìmọ̀ ìṣirò kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 50 nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Bí ó bá sì lè fi hàn pé ilé-iṣẹ́ kan ń lo ọ̀nà tí òun là sílẹ̀, ìyẹn wúwo ju iye lọ.

Yóò tún mú ẹ̀rí wá pé àwọn olóòtú jọ́nà ti fi iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í tọ́jú lẹ́tà tí ó jẹ́rìí sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa tọ́jú rẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé owó ni a ń san kí a tó wọ̀ ọ́ kò ka nǹkan. Àfi irú ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà inú rẹ̀ ń yan ènìyàn sí nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, irú bí Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1977.

A wá kan lẹ́tà ìjẹ́rìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jókòó síhìn-ín. Wọ́n máa ń kọ̀wé sí wa láti òkè òkun pé kí a jẹ́rìí sí iṣẹ́ àwọn. Àwa Yorùbá mọ oríkì í ki. Bí a bá fẹ́ yin ọmọ wa, a ó pè é ní àràbà, a ó pè é ní erin, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka ìwé ìbéèrè ní ọ́fíìsì kì í ṣe ará ilé. Ìyìn tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ kò yé e. Bí a bá kọ ọ́ pé "ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí orí wọn pé jù lọ ní Áfíríkà," a kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé, "Ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń yẹ àpò àgbàdo kan wò, lẹ́yìn rẹ̀, wákàtí kan péré ni," a ti jẹ́rìí. Lẹ́tà tí ó wá láti ọwọ́ ẹni tí kò bá a ṣiṣẹ́ rí, tí ó jẹ́ pé inú ìwé ni ó ti mọ̀ ọ́n, sì máa ń ní ọ̀wọ̀ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá kì í ṣàì yin ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n ẹ̀rí tí a ń bèèrè kì í ṣe ti ẹjọ́ apànìyàn. Ìdájọ́ kan ti ọdún 2010 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó tó bí ohun tí a sọ bá ṣeé gbà gbọ́ ju kí ó má ṣeé gbà gbọ́ lọ. Bí ẹ̀rí kò bá tó, wọ́n lè kọ̀wé pé kí a mú sí i wá kí wọ́n tó kọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níhìn-ín. Ọjà kan ti ṣí sílẹ̀ tí a ti ń ta ohun tí ó jọ ẹ̀rí: ẹ̀bùn tí a ń fi owó rà, jọ́nà tí kì í yẹ iṣẹ́ wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́, orúkọ tí a ń fi kún àpilẹ̀kọ tí ẹni náà kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń yẹ ìwé wò mọ ọjà yìí. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ láti gba físà, òfin lè sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

7. Lẹ́yìn Ìfọwọ́sí

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ìwé ìbéèrè kò bèèrè ju kí a gba ẹni náà sí ìpele kan lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọ́n rò pé ó parí. Kò tíì parí. Ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀ ni ó ń fi ẹni náà sí ipò lórí ìlà. Oṣooṣù ni ìjọba Amẹ́ríkà ń tẹ ìwé kan jáde tí ó ń sọ ibi tí ìlà dé. Nígbà tí ó bá kàn án, bí ó bá wà ní Amẹ́ríkà, yóò tún kọ ìwé mìíràn níbẹ̀. Bí ó bá wà nílé, ọ́fíìsì aṣojú wọn ní Èkó ni yóò ti lọ gba físà ìgbélùú.

Ohun méjì lè dí i lọ́nà. Èkíní ni ti àwọn kan tí wọ́n fi físà ìpààrọ̀ ẹ̀kọ́ lọ, irú bí àwọn tí wọ́n gba ìrànlọ́wọ́ Fulbright. Òfin ní kí wọ́n padà wá lo ọdún méjì nílé ná, àfi bí a bá yọ̀ǹda wọn. Ìdí tí òfin yìí fi wà ni pé kí ìmọ̀ tí wọ́n lọ gbà lè dé ilé.

Èkejì ni àṣẹ ìjọba. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ìkéde kan tí ó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí a dí ìwọlé àwọn ènìyàn wọn lọ́nà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Ó sì kan àwọn tí ó fẹ́ gba físà ìgbélùú láti ìta. Irú ìkéde báyìí lè yí padà nígbàkigbà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn gbọ́dọ̀ wádìí ohun tí ó wà lóde ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ní yí padà: ìjọba kan lè gbà pé ọgbọ́n rẹ tayọ, kí ó sì tún sọ pé kí o má wọlé. Ìwé ẹ̀rí ọgbọ́n kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ó ń ṣe irú èyí. Láti ọdún 2020 ni Bìrìtìkó ti ní físà tí ó ń pè ní Global Talent. Níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé bí Royal Society ni ó ń kọ́kọ́ jẹ́rìí sí onísáyẹ́ǹsì kí ìjọba tó dá sí i.

8. Ohun Tí Ó Kàn Wá

Ẹ jẹ́ kí a padà sí obìnrin wa onímọ̀ aflatoxin. Kí ìwé rẹ̀ lè yege, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ òun ṣe pàtàkì fún Amẹ́ríkà. Èyí kò ṣòro: ìjọba wọn kò fẹ́ kí aflatoxin inú oúnjẹ ju ìdá 20 nínú bílíọ̀nù kan lọ, àwọn àgbẹ̀ àgbàdo wọn sì ń ná owó lé e lórí. Ṣùgbọ́n níbo ni a ti ń jẹ àgbàdo tí ó bu jù? Àgbàdo tí a sá sí etí títì, tí òjò pa, tí a dì sínú àpò, tí a sì gbé wá sí Ọjà Ọba ní Adó níhìn-ín, ta ni ó ń wọn ìdá tirẹ̀? Òfin Amẹ́ríkà kò ṣẹ̀ wá nínú èyí. Àǹfààní ilé tirẹ̀ ni ó ń wá. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, níbo ni ìwé tiwa wà, tí àwa náà fi ń sọ fún ẹnì kan pé, "Iṣẹ́ rẹ ṣe pàtàkì fún orílẹ̀-èdè yìí, àwa nílò rẹ"?

Mo rí ohun mẹ́ta tí ó wà ní ìkáwọ́ wa.

Èkíní ni àkọsílẹ̀. Ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun ń wá ẹ̀rí ohun tí ó ṣe níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò rí i. Ìwé àṣekágbá oyè wà nínú àpótí tí ikán ti ń jẹ. Jọ́nà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sùn fún ọdún mẹ́rin. Bí a bá ń tẹ jọ́nà wa déédéé, tí a ń yẹ iṣẹ́ inú rẹ̀ wò láìṣègbè, tí a sì gbé e sí ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i, yóò ṣe àwọn tí ó lọ láǹfààní, yóò sì ṣe àwọn tí ó dúró láǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó wà ní Adó náà fẹ́ kí a tọ́ka sí iṣẹ́ òun.

Èkejì ni ìwọ̀n tiwa. Àwa náà ti ń ya ìwọ̀n àwọn aláwọ̀ funfun lò nígbà tí a bá ń gbé olùkọ́ ga: iye àpilẹ̀kọ, iye ìtọ́kasí. Ìwọ̀n yẹn dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òun nìkan wọn ènìyàn, àwa náà ti sọ fún olùkọ́ rere pé kò wúwo, nínú ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Ẹ̀kẹta ni okùn tí ó so wá mọ́ àwọn tí ó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1980. Yunifásítì Chicago ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gba ẹ̀bùn MacArthur ní ọdún 2005 fún ìwádìí rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú lára àwọn obìnrin tí ó wá láti ìran Áfíríkà. Kò já okùn Ìbàdàn. Òun àti àwọn onímọ̀ ibẹ̀ jọ ń ṣe ìwádìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò Carnegie tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 ti rán àwọn ọ̀mọ̀wé tí a bí ní Áfíríkà padà wá fún ìgbà díẹ̀ sí àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Irú okùn báyìí kì í so ara rẹ̀. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó lọ, kí ó mọ ibi tí wọ́n wà, kí ó sì ní iṣẹ́ kan pàtó tí ó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe. Kí a má ṣe dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn ń fẹ́ lẹ́tà ìjẹ́rìí.

9. Ìkádìí

A ti rí i pé ohun tí òfin Amẹ́ríkà ń wọn kì í ṣe ọgbọ́n fúnra rẹ̀. Ipasẹ̀ tí ọgbọ́n fi sílẹ̀ nínú ìwé ni ó ń wọn, àti àǹfààní tí ilẹ̀ tirẹ̀ yóò rí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà náà, kí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ó sì fi òtítọ́ gbà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró, kí a má ṣe wò ó bí ẹni tí kò rí ọ̀nà lọ.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n kí ilé tó lè jẹ́ àbọ̀ sinmi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tí ó ń gbá a, tí ó sì ń tan iná ibẹ̀. Iṣẹ́ tí ó já lé àwa tí a wà ní Adó lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí ìyá yẹn bá tún na ọwọ́ sí àwòrán ara ògiri, kí ó lè sọ pé: "Amẹ́ríkà ni ó wà, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ará yunifásítì wa ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo tí a ń jẹ."